Àyè Orúkọ Kan Ṣoṣo

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí àkókò tí wọ́n dá pé ni mo tó fi fọ́ọ̀mù ìdíje iṣẹ́ ọnà òde òní náà ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ (aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya bátànì sí kí aró má baà wọ ibẹ̀) tí mo fi díje, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lágara.

Ìbàdàndùn, bátànì àdìrẹ àtijọ́ kan, ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú bátànì yẹn, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Mo fi àwọn ṣíbí sílẹ̀ bí mo ṣe bá wọn, ṣùgbọ́n òpó irin gogoro tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù rì káàkiri àdúgbò wa ni mo fi rọ́pò òpó Mápó. Ìyẹ́ adìyẹ tí mo fi ń yà á mọ ìlà tín-ín-rín fà, nítorí náà irin tó dábùú ara wọn lára òpó wọ̀nyẹn kò fún mi ní wàhálà. Ẹ̀kọ láfún ló fún mi ní wàhálà: mo sè é ki jù lọ́jọ́ kejì, nígbà tó sì gbẹ, ó sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, aró sì gba ojú sísán náà wọlé. Ìlà aró mẹ́ta ló dá òpó kan kọjá báyìí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ká ibẹ̀ mọ́ inú nígbà tí mo ń ya fọ́tò, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó hàn.

Fọ́ọ̀mù bèèrè ohun tó sọ iṣẹ́ náà di ti òde òní. Mo dáhùn pé ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, àti pé ohun tuntun tó wà lójú wọn ni àwọn ìyá tó kọ́kọ́ yà á sára aṣọ ń yà. Ohun tí àwọn ṣe náà ni mo ṣe. Kò tán síbẹ̀ lọ́kàn mi, àmọ́ àyè tí wọ́n fún mi ti kún.

Fọ́tò ni àwọn adájọ́ máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó ṣa iṣẹ́ tó máa wọ ibi ìpàtẹ. Aró dúdú bí èédú lábẹ́ iná, nítorí náà ẹnu fèrèsé ni mo ti yà á láàárọ̀. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Aláró, tí wọ́n bá mi rẹ aṣọ náà, lórí fóònù, wọ́n ní, “Wọn ò ní fọwọ́ kàn án?” Mo ní, “Rárá, mà, ó di ìpele kejì.” Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Wọn ò ní gbóòórùn rẹ̀ nù un.”

Ìyá Aláró yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù. Láyé àtijọ́, aládìrẹ a máa ya aṣọ, aláró a sì rẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa méjèèjì sì ṣe é: Òṣogbo ni wọ́n ti tẹ aṣọ mi bọ inú ìkòkò aró, tí wọ́n sá a, tí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, títí ó fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́. Orúkọ ẹnì kan péré ni fọ́ọ̀mù gbà. Mo tẹ orúkọ wọn mọ́ tèmi, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Níkẹyìn, abẹ́ ohun èlò ni mo kọ ọ́ sí, ibẹ̀ ló sì wà báyìí, lẹ́yìn láfún àti álọ́ọ̀mù.