Yíya ìràwọ̀ ní Ifẹ̀: kámẹ́rà tòkunbọ̀ àti pákó méjì

Oṣù Kẹsàn-án

Òjò ò tíì jẹ́ ká rí ojú ọ̀run, ọjà ni mò ń ná. ₦300,000 ni mo yà sọ́tọ̀, n kò sì ní fi kọ́bọ̀ lé e lọ́dún yìí. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń ní kí n lọ ra awò awọ̀nàjíjìn. N kò rà á. Èyí tí owó mi ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ojú ènìyàn lè fara da ìyẹn, kámẹ́rà ò jẹ́ gbà. Àti pé ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lókè yẹn kò kéré, ìmọ́lẹ̀ wọn ni kò tó. Agbo ìràwọ̀ Andromeda fẹ̀ tó òṣùpá mẹ́fà tí a bá tò wọ́n síra. Lẹ́ńsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa lèèyàn fi ń mú irú ìyẹn.

Canon 600D tòkunbọ̀ ni mo mú. Ọdún 2011 ló jáde, àwọn tó ń ya ìgbéyàwó ti pa á tì, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́pọ̀. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ tí à ń wo àwòrán lára rẹ̀ ṣeé ṣí, ó sì ṣeé yí sókè. Nǹkan ńlá nìyẹn ní Ifẹ̀, torí pé orí wa gan-an ni Orion, àwọn ìràwọ̀ tí mo fẹ́ yà jù, ń gbà kọjá. Ẹni tí ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà rẹ̀ kò bá ṣeé yí, ilẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ sí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí n tó sanwó, mo dé ojú lẹ́ńsì pa, mo ní kí kámẹ́rà ya òkùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ní ISO 1600 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń tètè rí ìmọ́lẹ̀ tó). Ojú pupa tàbí búlúù tó bá yọ nínú òkùnkùn yẹn, ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Díẹ̀ kò burú, kò sí kámẹ́rà tí kò ní. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì 50mm f/1.8, tí ojú rẹ̀ ń ṣí gbàgà fún ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rinrin ìlú wa kì í jẹ́ kí lẹ́ńsì gbádùn, ó máa ń bu. Èyí tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbé jáde ti bu: okùn funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ta láti etí rẹ̀ dé àárín. Mo dá a padà.

"Bọ̀dá, kì í hàn nínú fọ́tò o."

Lọ́sàn-án, bóyá. Lóru, ìràwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ gan-an á máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri àwòrán. Ìkejì tó gbé wá mọ́ tónítóní.

Kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kó ju ìdajì owó náà lọ. Mo fi èyí tó kù ra bátìrì LP-E8 kejì, rìmóòtù olókùn, àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onírin tó wúwo. N kì í fa ọrùn rẹ̀ sókè, mo sì máa ń so àpò yanrìn mọ́ ọn láàárín.

Ìparí oṣù Kẹwàá

Ojú ọ̀run ti là. Ayé ń yí, ìràwọ̀ sì ń rìn digirí 15 ní wákàtí kan. Bí a bá ṣí kámẹ́rà pẹ́ jù, ìràwọ̀ á gùn bọọrọ. Ìṣirò tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí a fi gígùn lẹ́ńsì, ìyẹn iye mm rẹ̀, pín 500; iye ìṣẹ́jú àáyá tí a lè ṣí i nìyẹn. Lára 600D, lẹ́ńsì 50mm ń ṣe bíi 80mm, torí ibi tó fi ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá 6 ni. Fún Orion, mi ò kọjá 4, torí ibi tí ìràwọ̀ ti ń sáré jù lójú ọ̀run ló wà. Lẹ́yìn náà ni mo da gbogbo àwòrán sínú Siril, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọn kì í gbowó rẹ̀, kó pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Àwòrán 4 ń dín pàǹtí, ìyẹn ìdọ̀tí wínníwínní tó máa ń bo àwòrán òru, kù sí ìdajì, 100 ń dín in kù sí ìdá mẹ́wàá.

Àwọn ará ilé ò tíì mọ ìdí tí inú mi fi ń dùn bí NEPA bá múná. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, mo ti wà lẹ́yìnkùlé. (Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó kọ́kọ́ lọ kí ọdẹ àdúgbò.)

Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀rọ tó ń bá ìràwọ̀ rìn wọ́n ju kámẹ́rà mi lọ. Pákó méjì tí a fi híńjì dè pọ̀ lè ṣe iṣẹ́ kan náà: a ó fi irin M6 olójú wínríwínrí, irú èyí tí nọ́ọ̀tì ń yí lára rẹ̀, gba inú pákó ìsàlẹ̀ kọjá, bí a bá ń yí i, yóò máa gbé pákó òkè tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Ìyípo kan ń gbé e sókè ní mílímítà 1. Bí irin náà bá jìn sí híńjì ní mílímítà 229, ìyípo kan ní ìṣẹ́jú kan bá ìrìn ojú ọ̀run mu, èyí tó ń yípo tán ní wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56.

Mo gbé e lọ bá Bàbá káfíńtà kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Ó ṣí pákó méjèèjì, ó pa wọ́n dé.

"Ọmọ mi, ṣé Bíbélì onígi lo fẹ́ máa kà ni?"

"Rárá o, Bàbá. Kámẹ́rà ló máa jókòó lé e."

"Kí ló wá dé tí o ní 229? Ṣé 230 ò dáa ni?"

Ká sòótọ́, lẹ́ńsì 50mm kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi bírò sàmì sí 229, wọ́n lu ihò náà síbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Híńjì gbọ́dọ̀ kọjú sí ìràwọ̀ àríwá, Polaris. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ga ju digirí 51 lọ. Lọ́dọ̀ wa, digirí 7.5 péré ni, ẹ̀yìn ilé àti igi ló máa ń wà. Fóònù ni mo fi ń wá àríwá, tí mo sì fi ń wọn bó ṣe tẹ̀ tó, mo kàn ń gbé fóònù jìnnà sí irin. Híńjì á wà lápá ìwọ̀-oòrùn, pákó òkè á máa gbéra láti ìlà-oòrùn. Pákó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja, kámẹ́rà kì í fì.

Mo ya ojú aago sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọwọ́ tí mo fi ń yí irin, kí ọwọ́ mi máa bá abẹ́rẹ́ aago lọ láìdúró. Ẹni tó bá dúró tó tún fò ó, ìràwọ̀ rẹ̀ á fò. Ní báyìí, ìṣẹ́jú kan gbáko ni mò ń ṣí kámẹ́rà, ìràwọ̀ sì ń dúró ní róbótó. Lábẹ́ ìgbànú Orion, kùrukùru M42 ti ń yọ àwọ̀ osùn. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 10, mo máa ń dá irin padà sísàlẹ̀, torí irin gbọọrọ kì í tẹ̀lé ìyípo pẹ́.

Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ dé. Polaris ti wọnú eruku, òṣùpá nìkan ló ṣeé yà. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ gbẹ, lẹ́ńsì ń sinmi nínú kúlà onídèrí.

Oṣù Kẹrin ni mò ń wò, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ bá fọ eruku. Omega Centauri, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá kan, á gun ìwọ̀n digirí 35 ní gúúsù. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí i láé. Àárín Milky Way, agbo ìràwọ̀ tí àwa fúnra wa wà nínú rẹ̀, ló ń bí mi nínú, torí ìgbà òjò gan-an ló máa ń dára jù.

Ó ku ₦18,000. Ojú mi wà lára lẹ́ńsì 135mm àtijọ́, èyí tí à ń fọwọ́ yí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tí kò tíì bu.