Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń jò: ẹ̀kọ́ tí Peugeot 504 kọ́ mi

Bí mọ́tò àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ omi, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni ká gbé kẹ́ẹ̀gì omi sí búùtù, ká máa bu ú kún un lójú ọ̀nà. Tó bá sú wa, a ní kí mẹ́káníìkì tú ẹ́ńjìnnì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì kí ẹ tó mọ ihò tí omi náà ń gbà jáde.

504 tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún wa. Ara àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná ni, níbi tí ilé iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975. Mo fẹ́ràn mọ́tò náà gan-an, n kò sì ní jẹ́ kó di irin àlòkù. Nígbà tí omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, tó bá ti ń gun òkè lọ́nà Ìdànrè, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbóná. Ẹnì kan ní gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ló jó, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) àti búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì). Ẹlòmíì ní ká ra rédíétọ̀ tuntun, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni àwọn méjèèjì ti rí omi tó ń kán sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí ni wọ́n fi ṣèdájọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tún Peugeot ṣe tipẹ́ lọ́nà Oǹdó ní Àkúrẹ́ ló dá wọn dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, fáànù ló ń fẹ́ omi yẹn sẹ́yìn. Ibi tó balẹ̀ sí lo rí yẹn, o ò tíì rí ibi tó ti wá."

Wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó tutù, wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bàbá wá bu pọ́dà ọmọdé, ó fọ́n ọn sára wọ́tà pọ́ǹpù tó ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnnì, sára àwọn họ́ọ̀sì, àti sí ojú ibi tí tọ́ọ̀pù ti pàdé búlọ́ọ̀kù. Ó ní kí n sítáàtì mọ́tò. Nígbà tó móoru, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là láàárín pọ́dà funfun yẹn, láti ihò kékeré kan lábẹ́ ikùn wọ́tà pọ́ǹpù. Àwọn tó ṣe é ló dá ihò yẹn sí i: bí rọ́bà inú pọ́ǹpù bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi yóò gbà jáde kó má baà wọ bíárìn, irin tó ń jẹ́ kí pọ́ǹpù yí geere. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù dí i, bíárìn ló fẹ́ pa. Nígbà tí a nu ibẹ̀, a rí ojú omi àtijọ́ tó ti gbẹ, ó pọ́n bí ìpẹtà. Ó ti ń jò tipẹ́. Ká ní wọ́n ti tú tọ́ọ̀pù ni, ẹ̀tẹ̀ ni wọn ì bá fi sílẹ̀ tí wọn ì bá máa pa làpálàpá.

Ẹ wo ọmọrí rédíétọ̀ náà, kò wọ́n. Omi lásán ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n bí ọmọrí bá dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, ó lè dé nǹkan bí 120°C kó tó hó. Tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gan, omi yóò máa sá lọ láìsí ihò kankan níbì kan. Ẹ má ṣí i nígbà tó gbóná o! Họ́ọ̀sì tó bá ti rọ̀ tàbí tó wú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu irin tó ń wọ̀, kí kílíìpù sì jókòó sẹ́yìn ètè tó yọ sókè níbẹ̀. Rédíétọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ bàbà ṣeé fi òjé jó, ó sàn ju kí ẹ da ìyẹ̀fun adíhò sínú rẹ̀ lọ, torí àwọn ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀ ni ìyẹ̀fun yẹn ń dí. Àwọn kan tún ń yọ tẹmosítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru, dànù pé ilẹ̀ wa gbóná. N kò fara mọ́ ọn. Kò dí ihò kankan, epo ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mu ju bó ṣe yẹ lọ.

Omi kànga àti omi bọ́ọ̀húùlù kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa dà sí i, torí ohun tó wà nínú wọn máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin. Ẹ po omi tí wọ́n fi oru sẹ́ (distilled water) pọ̀ mọ́ kúláǹtì, oògùn omi rédíétọ̀, ní ìdajì sí ìdajì. Ẹ gbé orí mọ́tò sókè díẹ̀, ẹ ṣí hítà, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìdé ọmọrí láti ìgbà tó ṣì tutù, kí ẹ máa fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tán.

Tí omi inú rédíétọ̀ kò bá wá yé hó ìfófò afẹ́fẹ́ ńkọ́? Tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn mọ́tò kódà nígbà tó ti gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sì rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan gásíkẹ́ẹ̀tì. Nínú 504, sílífù tí písítìn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Omi ló yí i ká, ohun tó ń dí omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tọ́ọ̀pù ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n má fa tọ́ọ̀pù sókè tààrà. Kí wọ́n kọ́kọ́ mì í títí ibi tó lẹ̀ mọ́ yóò fi tú, kó má baà fa sílífù dání. Tó bá sì ti kúrò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ẹ́ńjìnnì, àfi tí wọ́n bá ti fi bóòtù àti wáṣà de etí àwọn sílífù mọ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣí nídìí, omi yóò máa wọ inú ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì ní lè dá a dúró.