Wákàtí Mélòó Ni Ilé Náà Ń Jẹ? Owó Iṣẹ́ àti Owó Ilé ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà, fún Ọmọ Kétu

Bí ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà bá pe ilé ní Kétu, ní Benin, tó ní dọ́là 600 ni òun ń san fún ilé lóṣù, kíá ni àwọn ará ilé máa ń sọ ọ́ di séfà, ẹnu á sì yà wọ́n. Bó bá tún ní dọ́là 17 ni òun ń gbà fún wákàtí kan, wọ́n á sọ ìyẹn náà di séfà, inú wọn á dùn, ẹ̀bẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀: páànù tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ òrùlé bàbá, owó ilé-ìwé àbúrò ní Àjàṣẹ́. Ìṣirò méjèèjì ló ń ṣini lọ́nà, nítorí ibi tí wọ́n ti ń gba owó náà ni wọ́n ti ń ná an. Wákàtí iṣẹ́ ló yẹ ká fi wọn owó ilé, ìbáà ṣe ní Kétu, ìbáà ṣe ní Iowa.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin fọwọ́ sí, ìyẹn SMIG, jẹ́ séfà 52,000. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ń ṣe bíi wákàtí 173 lóṣù, tó túmọ̀ sí séfà 300 fún wákàtí kan. Bí yàrá kan àti pálọ̀ bá jẹ́ séfà 15,000, wákàtí 50 ló ń jẹ. Ẹni tó ń ta àgbàdo tàbí gàrí lọ́jà kò ní owó oṣù, ṣùgbọ́n òun náà lè ṣe é: kó pín èrè oṣù kan sí iye wákàtí tó fi jókòó ti ọjà. Ẹ fi wákàtí 50 yẹn sọ́kàn.

Ó yá, Iowa. Káúntì lọ́hùn-ún dà bíi kọ́múùnù tiwa, ó ní ìlú kan tí í ṣe olórí, abúlé àti oko sì yí i ká. Owó wákàtí tó kéré jù tí òfin gbà níbẹ̀ jẹ́ dọ́là 7.25, iye tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní 2009 tí kò tíì kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà a ó fi dọ́là 17 ṣe àpẹẹrẹ. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52, ó di wákàtí 2,080 lọ́dún, owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 35,360. Kò tíì wọ àpò o. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbà, ìyẹn dọ́là 2,705. Fún ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya, tí a bá lo òṣùwọ̀n ọdún 2025, owó orí ìjọba àpapọ̀ á mú bíi 2,115, ti ìpínlẹ̀ Iowa á mú bíi 745. Ó ku 29,795, ìyẹn bíi 2,483 lóṣù, tàbí dọ́là 14.32 fún wákàtí kan. Bí ilé iṣẹ́ bá tún ń yọ owó ìbánigbófò ìlera, ẹ yọ ìyẹn náà. Òṣùwọ̀n yín ni 14.32 yìí, kì í ṣe 17.

Nípa òfatáìmù: wákàtí tó bá lé ní 40 lọ́sẹ̀ ń gba owó kan àti ààbọ̀, dọ́là 25.50 nínú àpẹẹrẹ yìí. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi gba ilé. Bí iṣẹ́ bá dínkù, òun ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ gé, owó ilé kò sì ní dínkù nítorí ẹ.

Níbo ni ẹ ti máa rí iye owó ilé ní káúntì kan kí ẹ tó kó ẹrù? Àjọ HUD, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé fún ìjọba àpapọ̀, ń gbé iye kan jáde lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Fair Market Rent, ìyẹn owó ilé tó bá ọjà mu, fún káúntì kọ̀ọ̀kan àti gẹ́gẹ́ bí iye yàrá. Iná, omi àti ìmóoru (ohun tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù) wà nínú rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀. Ilé ìkànìyàn wọn náà ní iye tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Káúntì tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 65,000 kì í ní iye ọdún kan ṣoṣo. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń pò pọ̀, nítorí náà owó àtijọ́ wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ti gbé ilé kan fún ọdún mẹ́wàá wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú, àwọn wọ̀nyí sì máa ń san owó tó kéré sí ti àlejò. Bákan náà, owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ìdílé ń gbà, ti gbogbo ilé ni. Ó lè jẹ́ ọkọ, aya àti ọmọ àgbà ló pa á pọ̀. Ẹni tó dá wà kò gbọdọ̀ fi ìyẹn wọn ara rẹ̀.

Òfin àtẹnudẹ́nu lọ́hùn-ún ni pé kí ilé má jẹ ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ ń gbà kí wọ́n tó yọ nǹkan kan kúrò. Fún dọ́là 17, ìyẹn jẹ́ bíi 884 lóṣù. Ọ̀pọ̀ onílé á béèrè kí owó oṣù yín tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé.

Ẹ wá wo ilé méjì. Èkíní wà ní abúlé, dọ́là 600, máìlì 25 sí ibi iṣẹ́. Èkejì wà nínú ìlú, dọ́là 850, máìlì 4 péré. Gbogbo ènìyàn ló máa ní ti abúlé sàn. Ṣùgbọ́n ìgbèríko yẹn kò ní ohun tó jọ zém tí ènìyàn lè nawọ́ sí lójú títì. Láìsí ọkọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ 21 lóṣù, ilé abúlé jẹ́ máìlì 1,050, ti ìlú jẹ́ 168. Ọkọ̀ tó ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 25 á mu gálọ́ọ̀nù 42 láti abúlé. Bí gálọ́ọ̀nù bá jẹ́ dọ́là 3, ó di 126. Láti ìlú, bíi 20. Ẹ fi ìmóoru kún un, ká ní 150 ní abúlé, 110 ní ìlú. Abúlé: 876, wákàtí 61. Ìlú: 980, wákàtí 68. Títí dé ibí yìí, abúlé ṣì ń borí, ibí yìí gan-an ni àwọn ènìyàn sì ń dúró sí tí wọ́n fi ń fọwọ́ síwèé.

Epo nìkan kọ́ ni ọkọ̀ ń jẹ. Táyà ń jẹ, ọ́ìlì ń yí padà, bíréèkì ń tán, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń gbó. Àjọ owó orí wọn, IRS, ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìbánigbófò, wọ́n sì fi sí sẹ́ǹtì 70 fún máìlì kan ní 2025. Pẹ̀lú ìyẹn, ọ̀nà abúlé di dọ́là 735, ti ìlú di 118. Àròpọ̀ abúlé wá jẹ́ 1,485, wákàtí 104. Ti ìlú jẹ́ 1,078, wákàtí 75. Ọkọ̀ àlòkù tí ẹ rà ní owó pọ́ọ́kú lè má jẹ tó sẹ́ǹtì 70, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń jẹ epo nìkan. Bí ìrìn àlọ bá sì jẹ́ ìṣẹ́jú 35, àlọ àti àbọ̀ á gba wákàtí 24 àti ààbọ̀ lóṣù, tí ẹnikẹ́ni kò ní sanwó rẹ̀. Lójú tiwa, ilé abúlé yẹn kò ní èrè fún ẹni tó dá wà, àfi bí ènìyàn méjì bá ń lọ síbi iṣẹ́ kan náà nínú ọkọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ ìmóoru tún yẹ ká fẹ̀ lójú, nítorí ọmọ Kétu kò mọ̀ ọ́n láti ilé. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, páìpù gáàsì kò dé ibẹ̀. Propane, ìyẹn irú gáàsì kan, ni wọ́n ń lò, nínú táńkì ńlá lẹ́yìnkùlé. Táńkì tí wọ́n ń pè ní gálọ́ọ̀nù 500, 400 ni wọ́n máa ń rọ sínú ẹ̀, torí pé gáàsì ń wú bí ooru bá mú, ó sì gbọ́dọ̀ rí àyè. Bí gálọ́ọ̀nù bá jẹ́ dọ́là 2.50, rírọ kan jẹ́ dọ́là 1,000, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gbà á. Ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń ni táńkì, tí òfin kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn rọ ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kó gbẹ pátápátá á san owó àyẹ̀wò jíjò kí wọ́n tó tún tan ẹ̀rọ, bí òtútù bá sì wọlé kí wọ́n tó dé, omi inú páìpù á dì, páìpù á sì bẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n nígbà tó bá ku 30 nínú ọgọ́rùn-ún lójú géèjì. Ìgbà ẹ̀rùn wọn, oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ni owó rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀.

Owó ìdógò, tí a ń pè ní kósíọ̀n nílé: òfin Benin kò gbà kó ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Ní Iowa, oṣù méjì ni ààlà, onílé sì gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín ọjọ́ 30 tàbí kó kọ ìdí tó fi yọ nínú ẹ̀ sínú ìwé. Ní Nebraska tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, oṣù kan ni. Nítorí àlejò kò ní àkọsílẹ̀ kírẹ́dítì, èyí tó ń fi hàn bí ènìyàn ti ń san gbèsè, wọ́n sábà máa ń béèrè iye tó ga jù tí òfin gbà, nítorí náà fún ilé 850 ní Iowa, ẹ ní 2,550 lọ́wọ́ kí ẹ tó wọlé, ìyẹn ìdógò oṣù méjì àti owó oṣù àkọ́kọ́. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ wá àdírẹ́sì ilé náà nínú ìwé owó orí ilé ti káúntì, tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí orúkọ onílé tó wà níbẹ̀ kò bá bá ti ẹni tó ń gba owó mu, ẹ béèrè ìwé tó fún un láṣẹ, tàbí kí ẹ fi ilé náà sílẹ̀.

Ohun kan tó kù: ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé iye gálọ́ọ̀nù tí ilé náà mu ní ìgbà òtútù tó kọjá, kó sì fi rìsíìtì hàn yín. Bó bá jẹ́ ayálégbé àtijọ́ ló ń san án, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Ilé onígi àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé ẹ̀ wọlé lè mu ìlọ́po méjì ohun tí ilé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mu, owó ilé méjèèjì sì lè dọ́gba.