Ara ọmọ tó ń gba kẹ́mò gbóná: ẹ má pè é ní ibà lásán

Ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, bí ara ọmọ bá gbóná, ohun tí a ń ṣe ò pọ̀. A ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, a ó ní ibà ni, a ó ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, tàbí kí ìyá àgbà gbé àgbo kaná. Fún ọmọ tó ń gba kẹ́mò nítorí jẹjẹrẹ, àṣà yìí gan-an ló léwu. Ara gbígbóná tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sùn lé di àárọ̀.

Kẹ́mò máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pọ̀ sí i kíákíá. Jẹjẹrẹ wà lára wọn, ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn inú eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, àti awọ inú ẹnu àti ti ìfun. Ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn náà, neutrophil, ìyẹn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń kọ́kọ́ kojú kòkòrò, á ti lọ sílẹ̀ gan-an. Kòkòrò tó ti ń gbé inú ìfun ọmọ náà tẹ́lẹ̀ á wá gba ojú ibi tó bó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ dín àlejò kù dára, kí ẹ máa fọwọ́ dára, àmọ́ ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń wá. Neutrophil kan náà ló ń di ọyún ojú egbò. Bí kò bá sí, egbò lè má wú, kó má sì ṣọyún, kó jẹ́ pé ara gbígbóná nìkan ni àmì tí ẹ máa rí.

Ẹ máa gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ṣírò fúnra yín. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀jẹ̀ funfun ní 1.2, 1,200 nìyẹn. Bí neutrophil bá jẹ́ 30 nínú 100, 360 ló ní. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ 500, ewu ńlá ni. Ẹ sàmì sí ọjọ́ tó gba oògùn lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ ọjọ́ 7 sí 14 tó tẹ̀ lé e.

Ọwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ra tẹmómítà oníbátìrì, méjì bó bá ṣeé ṣe, torí bátìrì lè kú lóru. Abíyá ni kí ẹ fi sí: ẹ nu òógùn ibẹ̀, kí ẹ tẹ apá rẹ̀ mọ́ ara títí yóò fi dún. Ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọ̀já lára rẹ̀, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ omi gbígbóná, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 ná. Ẹ má ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ nídìí láéláé. Bí vincristine, ọ̀kan nínú oògùn kẹ́mò, bá sì mú kí ìgbẹ́ rẹ̀ le, ẹ má fún un ní omi ìdí, ẹ má fi oògùn há a nídìí. Dókítà ni kí ẹ sọ fún. Ọgbẹ́ kékeré níbẹ̀ ti tó ọ̀nà fún kòkòrò.

Tó bá ti jẹ́ 38 ní ìwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dìde, ilé ìwòsàn ló kàn. Tó bá wà láàrin 37.5 sí 37.9, ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Bí ilé ìwòsàn bá ti fún yín ní iye tiwọn, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ọmọ bá ń gbọ̀n, tó ń mí sókè sódò, tó kàn ń sùn ṣáá, tàbí tí kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹ má dúró de iye kankan. Prednisolone àti dexamethasone, oògùn steroid tí wọ́n máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lè bo ooru ara mọ́lẹ̀ nígbà tí kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má fún un ní paracetamol kí ẹ tó wo ooru ara rẹ̀, torí á rẹ ooru náà sílẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti tán. Ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí Alábùkún, tó ní aspirin nínú: kẹ́mò ti dín platelet tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá kù, oògùn wọ̀nyí á tún dí ìyókù lọ́wọ́. Nítorí platelet yìí kan náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àdúgbò gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Ní ti àgbo, ẹ fọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e tì títí ìtọ́jú yóò fi parí, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bá oògùn jẹjẹrẹ fà á lọ́wọ́.” Kí ẹ sì gbé ìwé tí ẹ ń kọ ooru ara sí lé wọn lọ́wọ́. Ìyá àgbà tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú.

Ibà ẹ̀fọn wà nílùú yìí lóòótọ́, àyẹ̀wò sì lè gbé e jáde. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ rírí ibà ò sọ pé kòkòrò mìíràn ò sí nínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ dá antibáyótíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò, dúró.

Bó bá jẹ́ UCH, ilé ìwòsàn University College Hospital ní Ìbàdàn, ló ń tọ́jú ọmọ yín, ẹ má gbé e gba ọ̀nà Ìbàdàn lóru. Nǹkan bí 100 kìlómítà ni, bẹ́ẹ̀ antibáyótíìkì àkọ́kọ́ yẹ kó ti wọ iṣan láàrin wákàtí kan tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn. LAUTECH Teaching Hospital àti Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, wà nítòsí. Ẹ ti lọ wo ibẹ̀ lójú ọ̀sán ṣáájú, kí ẹ béèrè ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ọmọdé wọlé lóru. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà UCH: orúkọ àìsàn, oògùn tó ń gbà, ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn, antibáyótíìkì tí wọ́n fẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n á pè. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí fóònù ìyá, bàbá àti ẹni tó máa wakọ̀. Ẹ kó lẹ́tà yìí, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kẹ́yìn, aṣọ, ṣájà àti owó àkọ́san sínú àpò kan tí ẹnikẹ́ni ò ní tú.

Níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní: “Ọmọ yìí ń gba kẹ́mò. Ara rẹ̀ ti dé 38.4. Ọjọ́ kẹwàá rèé tó ti gbà á kẹ́yìn.” Kí ẹnì kan lọ ìdí káàdì àti owó, kí ẹnì kejì má kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí ọmọ tó ní àìsàn tó ń ràn lè wà. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún culture, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n èsì ìyẹn máa ń gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í dúró dè é kí wọ́n tó fa oògùn. Kí ẹ tó kúrò, ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde àti ẹni tó máa fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.