Ẹ ṣọ́ gígùn ọ̀pá: ohun tí bar chart yíyà kọ́ mi

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣàkójọ ìṣirò, tí mo sì ń ya bar chart, ìyẹn àwòrán tí gígùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ti ń ṣojú fún iye kan, sínú ìròyìn tí àwọn ọ̀gá máa wò kí wọ́n tó ṣèpinnu. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ju ohunkóhun lọ ni pé ojú èèyàn kì í kọ́kọ́ lọ síbi nọ́ńbà. Gígùn ọ̀pá ló máa ń wò. Kí ẹni náà tó ka àkọlé, kó tó wo ohun tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé, "Èyí tó ìlọ́po méjì tọ̀hún." Tí gígùn yẹn bá ti ṣì í lọ́nà, àlàyé kékeré tí ẹ kọ sísàlẹ̀ kò lè tún un ṣe mọ́.

Ẹ wo òkè mẹ́ta tó ga jù lọ láyé. Everest ga tó mítà 8,849, K2 ga tó 8,611, Kangchenjunga sì ga tó 8,586. Ẹ ya ọ̀pá fún wọn, kí ẹ wá jẹ́ kí ìlà ẹ̀gbẹ́ tí a ń kọ iye sí bẹ̀rẹ̀ láti orí 8,500. Ohun tó máa ṣẹ́ kù nínú ọ̀pá Everest ni 349, ti K2 á jẹ́ 111, ti Kangchenjunga á jẹ́ 86. Ẹni tó bá tajú wò ó á ní Everest ju ìlọ́po mẹ́ta K2 lọ, ó sì tó ìlọ́po mẹ́rin Kangchenjunga. Bẹ́ẹ̀ rèé, mítà 263 péré ni Everest fi ga ju Kangchenjunga lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gíga Everest. A ò yí nọ́ńbà kankan padà, gbogbo ohun tí a kọ sílẹ̀ ló pé, àmọ́ àwòrán ti parọ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ìlà ẹ̀gbẹ́ bar chart bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn yàtọ̀ sí òdo. Ẹ ṣọ́ Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ìṣirò tí wọ́n sì fi ń ya ṣáàtì, dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí bí àwọn iye tí ẹ fún un bá súnmọ́ra gan-an, ó lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà sókè láìbi yín léèrè. Ẹ lọ síbi ètò ìlà yẹn, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ òdo síbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé, "Tá a bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, gbogbo ọ̀pá á dọ́gba, ìyàtọ̀ wọn ò ní hàn." Èsì mi kì í yí padà: tí wọ́n bá dọ́gba lójú, a jẹ́ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lóòótọ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó ń wò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà míì, lóòótọ́, ìyàtọ̀ kékeré yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ ya ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀ nígbà yẹn, iye mítà tí òkè kọ̀ọ̀kan fi rẹlẹ̀ sí Everest, kí òun náà bẹ̀rẹ̀ láti òdo tirẹ̀. Ẹ sì lè lo àmì roboto kékeré dípò ọ̀pá. Ibi tí àmì dúró sí lèèyàn ń wò níbẹ̀, kò sí gígùn kankan tó máa ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, William Playfair, la mọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bar chart. Lọ́dún 1786, ó fẹ́ fi ọjà tí Scotland ń kó wọlé àtèyí tó ń kó jáde hàn, ibi 17 tí wọ́n sì ń bá ṣòwò wà nínú ìṣirò náà. Gíráàfù onílà ló máa ń yà fún ìṣirò tó bá gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ní ti Scotland, ọdún kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́, láti Kérésìmesì 1780 sí ti 1781, kò sì sí bó ṣe lè fa ìlà láti ọdún kan dé òmíràn. Ló bá ya ọ̀pá. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí ó sọ iṣẹ́ tí ọ̀pá wà fún: kí á fi àwọn nǹkan tó dá dúró wé ara wọn. Tó bá jẹ́ bí nǹkan kan ṣe ń lọ sókè sódò láàárín ọdún gbọọrọ lẹ fẹ́ fi hàn, ìlà ló máa ṣe é dáadáa.

Títò tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ká ní bí ilẹ̀ àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì ṣe tóbi tó ni mo fẹ́ yà. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n bí mo ṣe tẹ̀ wọ́n wọlé, ojú ẹni tó ń wò ó á wá máa fò síwá sẹ́yìn bó ṣe ń wá èyí tó ṣìkejì. Tí mo bá tò wọ́n láti orí èyí tó tóbi jù, Éṣíà á wà lókè pẹ̀lú ohun tó lé ní mílíọ̀nù 44 kìlómítà níbùú lóòró, Áfíríkà á tẹ̀ lé e pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 30, Àríwá Amẹ́ríkà á tẹ̀ lé ìyẹn, ẹni tó ń wò ó ò sì ní wá ohunkóhun kiri. Mo máa ń dá ọ̀pá irú èyí dùbúlẹ̀. Orúkọ bíi Àríwá Amẹ́ríkà gùn, tí ọ̀pá bá nàró, kọ̀ǹpútà á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn á sì máa yí ọrùn kí wọ́n tó lè kà á. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ní ètò tirẹ̀, bí oṣù, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ orí, ẹ má ṣe tú u ká.

Èyí tó máa ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni ọ̀pá tí wọ́n to apá kan lé orí èkejì, tí apá kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ nìkan ló rọrùn láti fi wéra. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ tó ga jù nínú àwọn méjì, ẹ ò jẹ́ jẹ́ kí ọ̀kan dúró lórí àpótí. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀. Lọ́dún 1984, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, William Cleveland àti Robert McGill, gbé àwọn èsì ìdánwò jáde, wọ́n sì fi hàn pé ohun tó bá wà lórí ìwọ̀n kan náà lèèyàn ń fojú díwọ̀n lọ́nà tó péye jù, ó sì dáa ju gígùn tó léfòó, igun tàbí bí ojú nǹkan ṣe tóbi tó lọ. Tó bá jẹ́ àròpọ̀ nìkan ló jẹ yín lógún, ẹ tò wọ́n léra. Tó bá jẹ́ apá kọ̀ọ̀kan lẹ fẹ́ fi wéra, ẹ ya ṣáàtì kéékèèké fún wọn, kí ìwọ̀n gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Ọ̀pá tí wọ́n ṣe bí àpótí tó ní ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́? Ẹ má dán an wò rárá, èèyàn ò ní mọ etí wo ni kó kà. Ẹ má sì fi àwòrán nǹkan, bí igi tàbí èèyàn, dípò ọ̀pá: tí ẹ bá sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, tí fífẹ̀ rẹ̀ náà bá a lọ, ìlọ́po mẹ́rin ni ojú máa rí.

Ní ti àwọ̀, ẹyọ kan tó fún mi. Mo máa ń fi àwọ̀ eérú kun gbogbo ọ̀pá, màá wá fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kun èyí tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Kí ẹ má gbára lé pupa àti àwọ̀ ewé láti fi ìyàtọ̀ hàn, torí láàárín àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí ẹnì kan nínú 12 ni kì í lè ya irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ dáadáa.

Kí n tó fi ṣáàtì ránṣẹ́, mo máa ń gbé e fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, màá ní kó sọ ohun tó rí fún mi. Mi ò ní là á yé e, mi ò sì ní nawọ́ sí ọ̀pá kankan. Tí ohun tó sọ bá ti yàtọ̀ sí ohun tí ìṣirò sọ, ìdí kọ̀ǹpútà ni mò ń padà sí. Mi ò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé nígbà tí àwọn tó kù bá ń wò ó.