Lẹ́tà F Kan Ṣoṣo

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Níbi tí a ti ń ta símẹ́ńtì ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, èmi ni mo ń kọ iye àpò tó wọlé, iye tó jáde, àti iye tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù jẹ wá. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe dìndìnrìn. Tí 100 náírà bá sọnù nínú ìwé mi, n kò ní fojú kan oorun.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe mí: géèmù bọ́ọ̀lù. Ilé géèmù kan wà ní Mọ́lípà, 300 náírà ni wọ́n ń gbà lórí eré kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé, ẹ máa bá mi níbẹ̀, àgbàlagbà onírùngbọ̀n, tí mo tò sẹ́yìn àwọn ọmọ tí báàgì ilé-ìwé ṣì wà léjìká wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tí kò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ jẹ mí ní góòlù mẹ́fà sódo. Ó gbé páàdì sílẹ̀, ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá. Ọwọ́ yín ló ti ń le."

Mo délé, mo gbé ìṣirò kalẹ̀. Eré mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan jẹ́ 3,000 náírà. Ní ọdún kan, 156,000. Ní ọdún mẹ́ta, 468,000. Tí mo bá wá fi 450,000 to kọ̀ǹpútà géèmù ara mi, a jẹ́ pé láàárín ọdún mẹ́ta, á ti san owó ara rẹ̀ padà, 18,000 á sì ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ahun ni Ìjẹ̀bú, ṣé ẹ rí i báyìí? Èrè ni mo fẹ́ lọ jẹ. (Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

Mo ra ìwé tuntun fún un, mo fa òpó mẹ́rin: orúkọ ẹ̀yà, iye tuntun, iye àlòkù, àti "Ṣé dandan ni?" Òpó kẹrin yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Iná aláràbarà tó ń yí po nínú késìn, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà: kì í ṣe dandan. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ késìn: kì í ṣe dandan. (Nígbà tí mo dé ọjà, èyí tó ní iná àti gíláàsì ló rọjú jù, mo rà á.) Páwà gidi, èyí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà: dandan. Níbi páwà yìí, mo bẹ yín, ẹ ná owó. Èyí tí wọ́n ń fi ta mọ́ késìn, tó fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, tí iná bá lọ tó sì fi agbára padà dé bí ó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa, òun nìkan kọ́ ló máa kú, á kó àwọn tó kù dání. Oní-500 wáàtì tó wúwo lọ́wọ́ ni mo rà. Mo gbé e wọ̀n lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì bí ẹni tó ń ra iṣu.

RAM náà, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, mo fọgbọ́n ṣe é. Oní-8GB méjì ni mo mú dípò oní-16GB kan, nítorí tí wọ́n bá jẹ́ méjì, wọ́n jọ máa ń gbé ẹrù fún prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lẹ́ẹ̀kan náà, géèmù á sì yọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún ṣọ́ra fún DDR4 àti DDR5, oríṣi RAM méjì tí ọ̀kan kì í wọ ihò èkejì. Mọ́dábọ́ọ̀dù H610 tí mo fẹ́ rà, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó sí, òmíràn ń gba DDR4, òmíràn ń gba DDR5, orúkọ wọn sì jọra bíi Táyé àti Kẹ́hìndé. Àlàfo kékeré tí wọ́n gé sí etí RAM kò sí lójú kan náà. Ẹni tó bá fipá tì í, òun ló máa tún mọ́dábọ́ọ̀dù rà. SSD 500GB tó máa tọ́jú géèmù, kò sí wàhálà níbẹ̀. Káàdì gíráfíìsì, èyí tó ń gbé àwòrán sójú tẹlifíṣàn, òun nìkan ni mo kọ "tó bá yá" sí, nítorí owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ aláàjọ. Èrò mi ni pé prósẹ́sọ̀ ní ẹ̀yà àwòrán tirẹ̀ nínú, ìyẹn á máa gbé mi lọ títí àjọ á fi kàn mí.

Ẹ dákun, ẹ fi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn.

Mo wọkọ̀ ní gáréèjì Èkó, ó di Computer Village ní Ìkẹjà. Prósẹ́sọ̀ tí mo ti kọ sínú ìwé ni Core i3-12100, èyí tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tó ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, bí ọpọlọ mẹ́rin nínú ẹyọ kan. Ó tó bọ́ọ̀lù gbá. Ọmọ tó ń tajà gbé páálí méjì síwájú mi: 12100, àti 12100F.

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ti F fi 28,000 dín, ẹ̀gbọ́n."

Kọ́ọ̀ mẹ́rin, kọ́ọ̀ mẹ́rin. Ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Ọmọ náà tún lanu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní ó fẹ́ yí iye rẹ̀ padà ni. Mo yáa ka owó lé e lọ́wọ́ kíákíá, mo gbé páálí, mo wọ àárín èrò lọ. Títí tí ọkọ̀ fi kọjá Ṣágámù, inú mi ń dùn. Mo ti ṣe àlàyé rẹ̀ fún ara mi: F yẹn, "fáìn" ni.

Aránṣọ ni Màámi. Iléyá ti ń sún mọ́lé nígbà yẹn, aṣọ àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ jáde ní Ojúde Ọba ti ga dé òrùlé nínú pálọ̀ wa. Màámi palẹ̀ orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ mọ́ fún mi, wọ́n ní wákàtí méjì péré. Àbúrò mi ń fi fóònù tanná fún mi. Àwọn ọmọ ilé kejì mẹ́rin ti gbé àgbọ̀n lé ojú fèrèsé.

Ẹni tí kò bá tíì to kọ̀ǹpútà rí, kò mọ ohun tí ẹ̀rù ń jẹ́. Prósẹ́sọ̀ yẹn kò ju bisikíìtì kan lọ, ẹgbẹlẹmùkù irin tó rí tín-ín-rín bí irun sì wà nínú ihò tó máa jókòó sí. Tí ọ̀kan bá tẹ̀, ó parí. Mo wá àmì onígun-mẹ́ta tó wà ní igun rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí àmì ojú ihò, mo rọra gbé e lé e, mo tẹ ọwọ́ irin tó máa dì í mú sílẹ̀. Ó dún gììrì bí ẹni tó tẹ kóró iṣin fọ́. Mo dá mímí dúró. Àbúrò mi náà dá tirẹ̀ dúró. Màámi ní, "Ẹ̀rọ mi kì í dún báyẹn o."

Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo ki wáyà HDMI, tó ń gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣàn, bọ ihò rẹ̀ lẹ́yìn mọ́dábọ́ọ̀dù, mo sì mú ṣọ́ọ̀kì funfun tí Màámi fi ń fa ìlà sára aṣọ, mo fi yí ihò náà po. Ìlànà ni. Ní ọ́fíìsì wa, gbogbo fáìlì ló mọ àyè rẹ̀. Ẹni yòówù tó bá yọ wáyà yìí, á mọ ibi tó máa dá a padà sí.

Mo sọ Bísímílà, mo tẹ̀ ẹ́.

Ó tàn! Fáànù ń yí, pupa, búlúù, ewé, ó ń kọ mànà-mànà bí ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ dé iwájú Awùjalẹ̀. Àwọn ọmọ ojú fèrèsé hó yèè. A kọjú sí tẹlifíṣàn. Tẹlifíṣàn dúdú kirikiri. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó kọ ọ́ sójú pé kò sí ohun tí òun ń rí gbà.

"Ó ti tán?" Màámi ló bèèrè.

"Ó ń ronú ni, Màámi."

Wákàtí kan kọjá. "Ṣé ó ṣì ń ronú ni?"

Mo yọ RAM, mo fi írésà nu ẹnu rẹ̀, mo dá a padà. Mo fi ẹyọ kan sílẹ̀, mo yọ ẹyọ kan. Mo yọ SSD. Mo sọ pé bóyá tẹlifíṣàn ló bàjẹ́, Màámi yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Tẹlifíṣàn tí mo fi wo eré àgbéléwò lánàá?" Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ tẹlifíṣàn.

Ọjọ́ kẹta ni àṣírí tú. Màámi ti gba páálí prósẹ́sọ̀, wọ́n ti ń kó bọ́tìnì sí i. Àbúrò mi ń wá bọ́tìnì, ó wá ń ka ohun tó wà lára páálí jáde bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé ẹni tó bá ra ti F yìí, dandan ni kó ní káàdì gíráfíìsì lọ́tọ̀, nítorí wọn kò fi ẹ̀yà àwòrán kankan sínú rẹ̀.

Dandan. Ọ̀rọ̀ inú òpó kẹrin mi gan-an.

Ọmọ Ìkẹjà yẹn ti lanu. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún mi.

Ó ku oṣù méjì kí àjọ tó kàn mí. Fún oṣù méjì gbáko, kọ̀ǹpútà jókòó sí igun pálọ̀ bí ọkọ ìyàwó tí kò rí owó orí san. Tí iná bá wà lóru, Màámi á tàn án, wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Oníbàárà kan wá wọn aṣọ, ó rí fáànù tó ń yí, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yí ẹ̀rọ amúlétutù yẹn sọ́dọ̀ òun díẹ̀. Màámi yí i. Wọn ò já obìnrin náà ní tànmọ́-ọ̀n.

Nígbà tí àjọ kàn mí, mo ra káàdì gíráfíìsì GTX 1650 àlòkù, oní-4GB. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé 75 wáàtì ni gbogbo iná tó ń jẹ, láti ara mọ́dábọ́ọ̀dù ló sì ti ń jẹ ẹ́, kò nílò wáyà mìíràn. Prósẹ́sọ̀ mi kì í kọjá 89 wáàtì tó bá ń sáré gan-an. Ẹ ṣírò rẹ̀: jẹnẹrétọ̀ kékeré wa á gbé e láì húkọ́. Àwọn ihò ẹ̀yìn káàdì náà ní ìdérí rọ́bà dúdú, ó mọ́ tónítóní, ó wù mí, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ki káàdì bọ àyè rẹ̀, mo dá wáyà padà sí ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì yí po, mo tẹ̀ ẹ́.

Dúdú kirikiri.

N kò sọ̀rọ̀. Mo fi ìborùn Màámi wé e, mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá bí ọmọ tí ibà mú, ó di ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà ní Ìtòrò. Ẹnjiníà gbé e yí sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó tẹ èyí, ó fa tọ̀hún, ojú ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. "Kò ṣe nǹkan kan," ni Ẹnjiníà wí. "Owó àyẹ̀wò, 2,000." Ọkùnrin náà mọ́ tótó, gbogbo ohun tó bá tú ló máa ń dá padà bó ṣe bá a, títí kan rọ́bà.

Mo gbé e délé. Dúdú.

Mo gbé e padà lọ. Ó tàn. Ẹnjiníà ò gbowó lọ́tẹ̀ yìí, àánú mi ló ṣe é.

Mo gbé e délé. Dúdú.

Màámi gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ọmọ mi, ó ń tàn ní Ìtòrò, kò tàn nílé mi. Ṣé èmi ló ń bá jà ni?" Wọ́n ti ń ronú ẹni tí wọ́n máa pè wá ṣàdúà sínú ilé. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ẹnjiníà ni mo kọ́kọ́ pè.

Ó dé, ó kí Màámi dáadáa, ó tẹ̀ba sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan síbí?"

"Èmi ni, sà."

Ó yọ wáyà kúrò nínú àyípo ṣọ́ọ̀kì mi, ó ṣí rọ́bà dúdú ìsàlẹ̀, ó kì í bọ ibẹ̀. Tẹlifíṣàn mọ́lẹ̀ gbòò. Ihò òkè, prósẹ́sọ̀ ló ń gbé àwòrán wá síbẹ̀, tèmi kò sì ní àwòrán tó máa gbé. Ti ìsàlẹ̀ ni ti káàdì. Ẹnjiníà nu ọwọ́. "5,000, owó àtiwá sílé."

"Ẹnjiníà, wáyà kan ṣoṣo lẹ gbé!"

"Owó kẹ̀kẹ́ mi ti wà níbẹ̀."

Màámi dìde. Wọ́n yọ téèpù ọrùn wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n wọ̀n ọ́n láti ihò òkè dé ihò ìsàlẹ̀, wọ́n sì tún un wọ̀n. "Ínṣì márùn-ún," ni wọ́n wí. "Ẹgbẹ̀rún kan lórí ínṣì kan." Wọ́n kọjú sí Ẹnjiníà. "Ìyá tó gbé aṣọ òfì wá lánàá ń ná mi ní 12,000 fún odindi ìró àti bùbá. Ẹ ò rí àyè ọmọọṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?"

Mo sanwó. Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀: gbígbé wáyà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ínṣì 5, 5,000 náírà. Bí mo ṣe dé òpó kẹrin, àbúrò mi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ F sí i.