Ọjà Pike Place ní Seattle àti ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn

Nínú gbogbo ohun tí mo bá pàdé ní ìlú Seattle, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò sí èyí tí ó ń mú mi rántí Ìbàdàn tó ọjà Pike Place. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1907 ni wọ́n ṣí i, ohun tí ó sì fà á kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà kankan, nítorí pé àlùbọ́sà ni ó gbówó lórí. Àwọn alágbàtà ń ra irè oko ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ń tà á ní ọ̀wọ́n gógó fún ará ìlú, títí ìgbìmọ̀ ìlú fi ya ojú títì kan sọ́tọ̀ kí àgbẹ̀ lè máa kó ẹrù rẹ̀ wá tà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀nba kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ó wá ní ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn, kíá ni wọ́n tà tán.

Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá òkè, níbi tí àwọn ẹlẹ́ja ti ń ju odindi ẹja sámọ́ọ̀nù síra wọn, tí èrò sì ń hó yèè. Èmi a máa gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀, nítorí pé àwọn àjà ìsàlẹ̀ ni a ti ń rí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta ohun tí àwọn ènìyàn ń kó jọ. Ọ̀kan ń ta ohun èlò onídán. Òmíràn, Golden Age Collectables, ń ta ìwé ìtàn alàwòrán, káàdì àwọn eléré ìdárayá àti fọ́tò tí àwọn gbajúmọ̀ fọwọ́ sí. Nínú ọ̀rá tí ń dán ni ìwé àtijọ́ máa ń wà, páálí funfun kan á wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà ká, iye owó rẹ̀ á sì wà lára ọ̀rá náà. Bí oníbàárà bá fẹ́ wò ó, olùtajà ni yóò yọ ọ́, yóò rọra fi ìka méjì mú un létí, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi dá a padà sínú ọ̀rá. Ìwé tí ó dàbí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i rí ni ó máa ń wọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ọjẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ kún àwọn ìsọ̀ ibẹ̀, iyùn, sẹ̀gi, akún àti lágídígba, ṣùgbọ́n ọrùn àti ìdí ènìyàn ni wọ́n ti ń bọ̀, ọrùn àti ìdí ènìyàn náà ni wọ́n sì ń lọ. Bí mo bá kí ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ pé, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá, ajé á wọgbá,” ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ bi mí lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe àmín ni pé, “Ọmọ mi, ta ló ń gbéyàwó?” Kò sí lọ́kàn rẹ̀ pé ẹnì kan lè ra sẹ̀gi láti lọ gbé e sínú àpótí kí ó máa wò ó. Yóò yí ìlẹ̀kẹ̀ náà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, yóò gbé e sókè kí oòrùn là á kọjá, kí n lè rí bí aró inú rẹ̀ ṣe ń tàn, ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Bákan náà ni ọjà aṣọ òkè tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ní ọjọ́ 16 síra, tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn máa ń kó ẹtù, sányán àti àlàárì wá. Ẹtù tí bàbá bá wọ̀ ni ọmọ ń jogún, ọmọ náà á sì wọ̀ ọ́ re òde. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ni ó dára jù láti pa ohun àtijọ́ mọ́, n kò sì rò pé ó yẹ kí a máa fi wé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó ní àpótí dígí bí ẹni pé tiwa ni ó rẹlẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ìdúró ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Pike Place. Èrò á tò gbọọrọ fún ọbẹ̀ chowder tí wọ́n fi ìṣáwùrú inú òkun, pòtétò àti wàrà sè. Àwọn mìíràn á ra dónọ́ọ̀tì kékeré tí ẹ̀rọ ń jù sínú òróró gbígbóná lójú ẹni, bíi pọ́fù-pọ́fù tí a yọ àárín rẹ̀. Ní Beecher’s, láti ọdún 2003, ènìyàn lè dúró lẹ́yìn dígí kí ó máa wo bí wọ́n ṣe ń ro wàràkàṣì. Oníkálukú á gba tirẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ lọ. Ní Ìbàdàn, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó ṣanwọ́, kí ó sì sọ fún ẹni tí ó bá wọlé bá a pé, “Ẹ wá jẹun,” kí onítọ̀hún sì dáhùn pé, “Á gbabi ire.” Ìkíni yìí ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù, ju ọbẹ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ yin àwọn àgbẹ̀ Pike Place: wọn a máa fi ọ̀bẹ gé èso píìṣì fún ènìyàn tọ́ wò kí ó tó ra ohunkóhun, nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé ni alátẹ tiwa máa ń fi èènì lé e.

Ohun tí mo ń jowú lára wọn ni òfin. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ wó púpọ̀ nínú ọjà náà kọ́ ilé ńláńlá, ayàwòrán ilé kan, Victor Steinbrueck, kó àwọn ará ìlú jọ, ìbò tí wọ́n sì dì ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1971 ni ó gba ọjà náà sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ọjà náà, àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbin ohun tí ó ń tà, oníṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń pe orúkọ àwọn aláàtẹ, ẹni tí ó bá sì ti pẹ́ jù níbẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ mú àyè. Ìtàn ibẹ̀ kò mọ́ láìlábàwọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ìran wọn ti Japan wá ni ìjọba Amẹ́ríkà kó lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àtẹ wọn sì ṣófo. Síbẹ̀, òfin náà ń ṣiṣẹ́.

Ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni ó ń tún ọjà ṣe nílé, wọ́n sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n sì ń kó wọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lórúkọ àdìrẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ oníke náà ti ń jókòó ti iyùn. Bí ìjọba Ọ̀yọ́ bá fi òfin ya ọ̀wọ́ ìsọ̀ kan sọ́tọ̀ ní Ọjẹ́ fún kìkì ẹni tí ó hun aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ àti ẹni tí ó mọ orírun ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, ahunṣọ Ìṣẹ́yìn kò ní máa bá ayédèrú du oníbàárà mọ́.